Irin Tí Kò Ní Ilà Ló Ṣẹ́

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀rí tó lè dá ọ̀gá mi láre kúrò lára irin, wọ́n sì gbé pátákó síwájú irin náà pé ọ̀gá mi ló pa èèyàn.

Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó máa bá mi bọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe ni dídá ẹ̀yà ọkọ̀ mọ̀: kí n wo ẹ́ńjìnì kí n sọ irú ọkọ̀ tó ti wá, kí n fọwọ́ kan irin kí n sọ bóyá onílé ni níbi tí mo ti bá a tàbí àlejò. Ìjọba gbà mí sí i, wọ́n sanwó fún mi, mo fẹ̀yìn tì. Ìyẹn ò gba àlàyé. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní Kàbà níbí ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn tó ń rò ó lọ́wọ́ pé iṣẹ́ wo ni àwọn ó kọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́ bí ẹni tó ń dúpẹ́. Àìdáa tí wọ́n ṣe fún ọ̀gá mi nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, wọ́n tún ń ṣe é lọ títí di òní tí mo di arúgbó. Ẹni tó bá sì gbé adìẹ òtòṣì, kó mọ̀ pé ti aláròyé lòun gbé.

Nígbà tí ogun tí àwọn ọmọ wa lọ jà ní Bọ́mà parí, àwọn ológun òyìnbó ta ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo. Àwọn oníṣòwò rà wọ́n, wọ́n kan pákó sí wọn lẹ́yìn, ọkọ̀ ogun di ọkọ̀ ọjà. Bí ẹ bá dúró ní oríta Kàbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, èyí tó ń gbé iṣu bọ̀ láti Makutu, èyí tó ń gbé kọfí àti òwú lọ sí Lọ́kọ́jà, ológun àná ni gbogbo wọn. Oríṣi méjì ló pọ̀ jù, àwọn ará ìlú sì ti sọ wọ́n lórúkọ. Onímú-gígùn ni èyí tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ síwájú bí ẹnu ẹlẹ́dẹ̀. Ìlú àwọn òyìnbó tó ń ṣèjọba lé wa lórí ni wọ́n ti ṣe é. Onímú-kúkúrú, tí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni tí ilẹ̀kùn gbá nímú, Kánádà ló ti wá. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìbejì ni wọ́n lábẹ́. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọgbà ọ̀gá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Ayétòrò-Gbẹdẹ. Alíù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kàbà ni, Mùsùlùmí tó mọ́ra bí owó tuntun, bó ti wù kí ọ̀ràá dúdú pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Ó ti tún ọkọ̀ ológun ṣe ní Bọ́mà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ wọ́n tó o ní gbogbo ìpínlẹ̀ wa. Ìyá mi, opó, ọmọ ìjọ, ló mú mi lọ bá a nígbà tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa rán mi síwájú. Ọ̀gá bi mí pé ṣé mo lè ka ìwé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa, Akọ̀wé. Irin kì í gbọ́ gírámà, ṣùgbọ́n jókòó." Láti ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé ni mo ń jẹ́.

Kò fún mi ní sípánà fún ìgbà pípẹ́. Kẹrosíìnì àti àkísà ló fún mi. Gbogbo irin tó bá wọ ọgbà, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, bí mo bá sì fọ̀ ọ́ tán, n ó sọ orúkọ rẹ̀, n ó sọ ọkọ̀ tó ti wá. Nígbà tí mo wá ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so aṣọ mọ́ mi lójú kó tó gbé irin lé mi lọ́wọ́. "Ta nìyí?" Kì í béèrè pé kí nìyí. Ta nìyí ni.

Bí mo bá ṣì í, kì í nà mí. Ohun tó ń ṣe burú ju pàṣán lọ. Á ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ irin náà. "Bẹ̀ ẹ́. Orúkọ baba ẹlòmíràn lo fi pe ọmọ ọlọ́mọ." Èmi tí mò ń kọrin ní kọ́áyà lọ́jọ́ Ìsinmi ni n ó kúnlẹ̀ níwájú àpótí gíà tí ọ̀ràá ń kán lára rẹ̀, tí n ó máa ní kó má bínú. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Okun o, Ọ̀gá. Ṣé ọmọ ìjọ náà ti ń bọ irin ni?" Ọ̀gá á dá wọn lóhùn pé rárá, ẹ̀kọ́ ilé ni òun ń kọ́ ọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín dé ilé. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn máa padà wá jẹ wá níyà.

Ẹ́ńjìnì ló rọrùn jù láti mọ̀. Ti Onímú-gígùn, orí mẹ́fà ló ní, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ wọ kíláàsì. Ti Onímú-kúkúrú tiwa ní mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ó la ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń rokà, pọ́ǹpù méjì ló sì ń gbé omi kiri inú rẹ̀. Kí o tilẹ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ohùn wọn ti yàtọ̀: olórí mẹ́fà ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, olórí mẹ́jọ ń kùn bí ẹni tó fi oúnjẹ sẹ́nu. Ọ̀dà náà ń sọ̀rọ̀. Ọ̀gá á fi ọ̀bẹ ha ara ọkọ̀ díẹ̀. Bí àwọ̀ iyanrìn bá hàn lábẹ́ àwọ̀ ewé, á ní, "Èyí ti jẹun ní aṣálẹ̀," a ó sì mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ wá iyanrìn ibẹ̀ nínú gbogbo oríkèé rẹ̀.

Èyí tó le jù ni àwọn irin kéékèèké. Nọ́ọ̀tì Onímú-kúkúrú máa ń gba bóòtì Onímú-gígùn láyè díẹ̀, á yí, á wá le gírígírí. Ìwọ á rò pé ó ti dì. Kò dì, ẹ̀tàn ni. Bí ọkọ̀ bá gbọ̀n lójú ọ̀nà, á tú. Apá sitiári náà ńkọ́, irin tó so ohun tí awakọ̀ ń yí lọ́wọ́ mọ́ táyà iwájú? Ti ọkọ̀ méjèèjì jọra bí ìyá àti ọmọ. Àmọ́ ti Onímú-kúkúrú fi díẹ̀ kúrú, ó sì tẹ̀ síbòmíràn.

Nítorí irú ìwọ̀nyí ni Ọ̀gá fi dá àṣà kan sílẹ̀ tí mi ò tíì rí níbòmíràn, bẹ́ẹ̀ mo ti wọ ọgbà mẹkáníìkì láti Kàdúná dé Èkó. Ó ń kọ ilà fún irin.

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí òjò dá wa dúró. Ní ayé ogun Núpé, wọ́n kó ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ obìnrin lọ sí Bídà, ọmọdé ni. Nígbà tó padà dé, ó ti di abiyamọ, èdè wa ti sọnù lẹ́nu rẹ̀, kò lè dárúkọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ wo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Tèmi nìyí." Ọ̀gá ní irin náà kò lè sọ ilé rẹ̀, àwọn ológun sì ti tú wọn ká ju bí ogun ṣe tú èèyàn ká lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá kú sí ọgbà wa, ilà tirẹ̀ ló ní: òmíràn méjì tó dùbúlẹ̀, òmíràn mẹ́ta tó dúró, òmíràn kan tó dagun. Ọkọ̀ tó bá sì wá gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa, a ó kọ tirẹ̀ fún un. Kí a tó yọ ẹ̀yà kan lára òkú ọkọ̀ láti fi wo alààyè sàn, a ó ti kọ ilà sí i. Ibi tó nípọn jù, tí kò gbé ẹrù, ni à ń kọ ọ́ sí, kò sì jìn ju fífi èékánná ha ọṣẹ lọ. Mo jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà ní yunifásítì: kò lè sọ irin kankan di aláìlágbára. Bí o bá wọ abẹ́ ọkọ̀ tó ti ọwọ́ wa jáde, o lè ka ìtàn ìdílé rẹ̀. Irin kan kì í jáde nínú ọgbà wa láìní ilà. Mo tún un sọ nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé: irin kan kì í jáde nínú ọgbà wa láìní ilà.

Ọ̀gbẹ́ni Ẹniọlá ní Onímú-gígùn kan tó máa ń ná ọjà Ayétòrò. Olówó ni, ẹni tí àwọn aláṣẹ máa ń dé sílé rẹ̀ ni. Ọkọ̀ yẹn ti pẹ́ lọ́wọ́ wa, ilà wa sì pọ̀ lára rẹ̀, láti àpótí gíà títí dé àsìlì. Ó gbé e wá pé ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀gá wọ abẹ́ rẹ̀, ó yọ apá sitiári, ó rí i pé ó ti jẹ tán. Èyí tó bá a mu kò sí lọ́gbà. Ti Onímú-kúkúrú nìkan ló wà. Ó ní kí Ẹniọlá ṣe sùúrù títí òun á fi rí èyí tó tọ́ ní Kàdúná.

Ẹniọlá jókòó sórí táyà, ó ń fi fìlà fẹ́ ara. Ìgbà kọfí ni, kò fẹ́ pàdánù ẹrù.

"Alíù, irin kún ọgbà rẹ báyìí, o ní o ò rí ẹyọ kan fún mi."

"Ẹbí Onímú-kúkúrú ni gbogbo wọn, Ọ̀gbẹ́ni. Apá wọn ò gùn tó ti ọkọ̀ yín."

"Fi iná sí i kí o nà án."

"Wọn kì í na apá èèyàn kó gùn."

"Nígbà tí ìbọn ń dún ní Bọ́mà, ṣé ò ń dúró de irin láti ìlú òyìnbó ni?"

"Ní Bọ́mà, èmi ni mo jókòó sínú ọkọ̀ tí mo tún ṣe. Bó bá yí dànù, èmi ló yí mọ́. Ìyá ẹlòmíràn ló máa jókòó sínú tiyín."

Ẹniọlá dìde, kò dágbére. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Ọ̀gá wà ní mọ́ṣáláṣí, ó mú àwọn géńdé wá, wọ́n gbé imú Onímú-gígùn lé ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, wọ́n wọ́ ọ lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní Ọ̀gá ò tíì parí rẹ̀. Ẹniọlá ní ṣé ọ̀gá mi ló ra ọkọ̀ fún òun. Ọ̀gá dé, ó bá ààyè òfìfo. Ó lọ sílé Ẹniọlá, wọ́n ní kò sí nílé. Ó lọ bá àwọn ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn gbéra. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kò jalè.

A padà gbọ́ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Alágbẹ̀dẹ ọkọ́ kan lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà ni. Wọ́n mú apá Onímú-kúkúrú wá fún un láti ibòmíràn, ó fi í sínú iná títí ó fi pọ́n, ó nà án, ó fi òòlù lù ú títí ó fi bá ààyè rẹ̀ mu. Alágbẹ̀dẹ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Ọ̀gá nígbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ń sunkún. Ó ní ẹni tó mọ ọkọ́ ṣe lòun, wọ́n ní irin ni irin.

Lọ́jọ́ ọjà, ọkọ̀ náà kó èèyàn àti ẹrù, ó dorí kọ Ayétòrò. Ní ìsàlẹ̀ òkè tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́, awakọ̀ yí sitiári, táyà ò dá a lóhùn. Ọkọ̀ lọ tààrà sínú àfonífojì.

Èmi àti Ọ̀gá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Kò kọ́kọ́ wo ọkọ̀ rárá. Èèyàn la ń fà jáde. Awakọ̀ ti kú. Àwọn mìíràn kú lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Àǹtí Rúùtù, àbúrò ìyá mi tó tẹ̀ lé e, tó máa ń gbé epo lọ tà ní Ayétòrò. Epo rẹ̀ ti dà sára gbogbo wa, mi ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín epo àti ẹ̀jẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi títí wọ́n fi wá gbé e.

Nígbà tí kò sí ẹni tó ṣẹ́kù lábẹ́ ọkọ̀, Ọ̀gá kúnlẹ̀ níbi táyà iwájú, ó pè mí. Apá sitiári ti ṣẹ́ sí méjì.

"Akọ̀wé, ta nìyí?"

"Onímú-kúkúrú, Ọ̀gá."

"Ilà rẹ̀ ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ àti ojú wá a yípo. "Kò ní, Ọ̀gá."

Ó fi ìka han ibi tó ti ṣẹ́. Irin náà ti pa àwọ̀ dà níbẹ̀, ó dúdú, ó ní àwọ̀ aró díẹ̀, bí irin tó ti wọ iná ṣe máa ń rí. Ó ní kí n wò ó dáadáa, nítorí pé wọ́n máa bi wá léèrè. Wọn ò bi wá.

Ọ̀gá àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì ẹkùn dé, ilé Ẹniọlá ló ti jẹun kó tó débi ọkọ̀. Mo máa ka ohun tó ṣe, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni èmi náà padà wá ṣe, mo sì mọ bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Kò yọ irin tó ṣẹ́ kúrò láti wò ó lójú oòrùn. Kò béèrè ẹni tó de irin náà mọ́ ọkọ̀. Kò pe alágbẹ̀dẹ. Kò béèrè ìdí tí ọkọ̀ fi kúrò ní ọgbà wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó kàn rìn yí ọkọ̀ ká, ó rí ilà lára àpótí gíà, ó rí i lára àsìlì, ó rí i lára férémù, ó wá béèrè pé ta ló gé gbogbo irin wọ̀nyí.

Ọ̀gá mi na ara ró. Ó rò pé wọ́n ti rí ohun tó máa gbà á. Ó ní, "Èmi ni, sà."

Ọkùnrin náà ní ó tán. Ó ní irin tí wọ́n bá fi irin gé lára ló ń ṣẹ́, ọmọ ilé ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Èyí tó ṣẹ́ ni kò ní ilà, sà. Ẹ wo àwọn tó ní. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀kan ò ṣẹ́ nínú wọn."

Ẹ gbọ́, kí ló kù tí èèyàn tún máa sọ? Ṣùgbọ́n ẹni tó ti dájọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ mọ́. Mo bọ́ síwájú, mo ní èmi náà wà níbẹ̀, èmi náà ti wo irin náà. Ẹniọlá yíjú sí ọ̀gá àyẹ̀wò, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, sà. Ọmọ tó máa ń kúnlẹ̀ bẹ àpótí gíà nìyẹn." Gbogbo àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú òkú nílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ẹ̀kọ́ tí Ọ̀gá kọ́ mi ba ẹ̀rí mi jẹ́.

Wọ́n mú Ọ̀gá lọ sí Lọ́kọ́jà, ó ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n ti ọgbà rẹ̀ pa, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó mú un, ìyá mi wá kó ẹrù mi. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀.

Ọ̀gá ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ọmọ yín ohun tó rí."

Ìyá mi ò gbójú sókè. "Ọmọ tó ti jẹ iyán yín kò lè jẹ́rìí takò yín. Àbúrò mi kú sínú iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. Mo sọ fún un nígbà tí mo wọ ilé ìwé gíga, mo tún sọ fún un nígbà tí mo ti di ẹni tí ìjọba ń pè láti wá dá irin mọ̀ níwájú adájọ́. Á ní, "Mo ti gbọ́, ọkọ mi," á wá máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Kò kí Ọ̀gá mọ́ títí ó fi kú. Ẹ ò rí i pé irọ́ kan ṣoṣo tó ìdílé méjì í fọ́? Ohun tó dùn mí jù nínú ayé mi nìyẹn: pé adájọ́ gbà mí gbọ́ ní Kàdúná, ìyá tó bí mi ò gbà mí gbọ́ ní Kàbà.

Owó tí ìyá mi ti ń tọ́jú pẹ̀lú Àǹtí Rúùtù fún iṣẹ́ epo wọn ló fi rán mi padà sílé ìwé, nítorí pé kò fẹ́ kí n fọwọ́ kan irin mọ́. Irin ni mo tún lọ kọ́ ní yunifásítì. Mo di olùyẹ̀wò ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá sọnù tí wọ́n pa nọ́ńbà rẹ̀ dà, èmi ni wọ́n ń pè. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àti kẹrosíìnì. Oògùn olómi tó ń jẹ irin dé, bí o bá fi pa ibi tí wọ́n ti lọ nọ́ńbà, òjìji nọ́ńbà náà á tún jáde. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà. Mo lo gbogbo wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yìí dára, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Àmọ́ ẹ má rò pé bí ẹ bá ti mọ òtítọ́, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín.

Lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, Ọ̀gá lọ dáko ní Makutu, níbi tí wọ́n ti bí ìyàwó rẹ̀. Mo máa ń lọ kí i. Kì í sọ̀rọ̀ Ẹniọlá. Ọkọ̀ ló ń béèrè, èyí tí ìjọba gbé pamọ́ sẹ́yìn ọ́fíìsì ẹkùn.

"Akọ̀wé, ṣé ó ṣì wà lẹ́yìn ọ́fíìsì?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀, Ọ̀gá. Koríko ti bò ó."

"Apá tó ṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n so ó mọ́ férémù. Mo rí i láti ẹ̀yìn wáyà."

"Kí wọ́n má ṣe tà á o. Ohun yòówù kí wọ́n fi ọkọ̀ ṣe, kí wọ́n má ṣe ta irin yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló ń sọ títí ó fi jáde láyé. Èmi náà ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n yẹ irin náà wò bó ṣe yẹ. Nígbà tí a wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, wọ́n ní ẹjọ́ tó ti kú ni. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, wọ́n ní Kàdúná ni kí n lọ béèrè. Nígbà tí a di Kogi, wọ́n ní kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ti fojú mi rí i. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo ayé.

Mẹ̀múnátù, ọmọ Ọ̀gá, ló wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ó jókòó. Ó ní ilé ìwé kó ọmọ ọmọ òun lọ wo gbọ̀ngàn ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun, ọkọ̀ ológun kan wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ baba òun sí pátákó. Ọmọ náà ló ní kí wọ́n jẹ́ kó kà á sókè fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé orúkọ baba ńlá rẹ̀ ni. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ pé mẹkáníìkì tí kò kọ́ṣẹ́ ló gé irin ọkọ̀ náà tó fi pa èrò inú rẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀. Onímú-gígùn Ẹniọlá ni lóòótọ́. Wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Pátákó ní ẹ́ńjìnì tó bá a wá láti ojú ogun ló ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Olórí mẹ́jọ, pẹ̀lú pọ́ǹpù omi méjì. Ẹ́ńjìnì Onímú-kúkúrú ni wọ́n jù sábẹ́ imú gígùn! Ẹni tí kò mọ olórí mẹ́fà yàtọ̀ sí olórí mẹ́jọ ló ń pe Alíù ní ẹni tí kò kọ́ṣẹ́.

Obìnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn náà ṣèèyàn. Nígbà tó rí i pé mo fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má ba aṣọ yín jẹ́." Mo ti wọ abẹ́ rẹ̀. Apá sitiári tuntun ni, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló gé e, kò tíì wọ òjò rí. Àpótí gíà, wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìlọrin lọ ọ́ títí ó fi ń kọ yànràn. Àsìlì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n de àpótí sitiári mọ́ nìkan ni ẹ̀rọ wọn ò lè wọ̀. Mo ti ìka bọ ibẹ̀. Ilà mẹ́ta, wọ́n dúró. Mo pe obìnrin náà, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kó fi ìka tirẹ̀ kàn án.

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá, irú èyí pọ̀ lára ọkọ̀ yìí nígbà tí wọ́n gbé e dé. Àwọn tó tún un ṣe ní ọgbẹ́ ni, kí àwọn lọ ọ́ kó lè dán."

Mo bi í pé apá tó ṣẹ́, èyí tí wọ́n so mọ́ férémù, níbo ni wọ́n gbé e sí. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní wọ́n kó àwọn àjákù irin kan dà sínú ọkọ̀ mìíràn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé wọn lọ.

Nítorí náà, mo ń bi yín, ẹ̀yin tí ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fúnni, ẹ̀yin tí ẹ ṣe é, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ pátákó. Ta ló sọ fún yín pé ọgbẹ́ ni ilà? Ẹni wo ní Kàbà lẹ bi kí ẹ tó tan ẹ̀rọ? Ẹ dárúkọ ẹni tó sọ fún yín pé Alíù ló de irin tó ṣẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí onítọ̀hún fi mọ̀. Kí ló dé tí orúkọ Ẹniọlá, tó wọ́ ọkọ̀ náà kúrò lọ́gbà, kò sí níbì kankan lára pátákó? Ìgbà wo lẹ máa yọ pátákó náà kúrò lójú àwọn ọmọ ọmọ Alíù? Mi ò fẹ́ ìpàdé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi mí joyè. Mo ṣì ríran, ọwọ́ mi ṣì mọ irin, ìdáhùn tí mo sì ń dúró dè lọ́dọ̀ yín kò ju ẹyọ kan lọ: apá tí kò ní ilà yẹn, ta lẹ gbé e fún?